Òṣùwọ̀n Bísíkíìtì àti Wáyà Bàbá Mi

Ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n kó kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́fà wọ ilé iṣẹ́ bísíkíìtì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ìjọba alágbádá ti lo ọdún mélòó kan nígbà náà, fóònù alágbèéká ti wà lọ́wọ́ olówó àti tálákà, gbogbo ọ̀gá ló sì fẹ́ kí ilé iṣẹ́ òun dà bíi ti ìlú òyìnbó. Ilé iṣẹ́ tiwa kò jìnnà sí ojú irin. Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà wà lápá ọ̀tún wa, àwọn tó ń ṣe ike wà lápá òsì, ṣùgbọ́n òórùn tiwa ló máa ń borí. Bí ààrò wa bá ti gbóná láàárọ̀, òórùn bọ́tà àti ṣúgà á gba gbogbo títì, àwọn tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ á sì máa fa imú bí ẹni tó ń jẹun ọ̀fẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo ti kàwé nípa iná mànàmáná ní pólì, èmi nìkan sì ni obìnrin láàárín àwa tí à ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú àwọn nǹkan kéékèèké tó ní wáyà tín-ín-rín nínú: aago ààrò, iná tó ń ka bísíkíìtì bó ṣe ń kọjá, àti òṣùwọ̀n mẹ́fà tó wà ní ìparí ìlà iṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Àwọn òṣùwọ̀n yìí ló fa ọ̀rọ̀. Bí páálí bísíkíìtì bá ti kún, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ á gbé e lé òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n á gba inú wáyà kan tó nípọn rán ìwọ̀n páálí náà sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà pélébé tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ páálí. Wáyà yẹn ní ẹnu tó ní irin tín-ín-rín mẹ́sàn-án, ó sì ní ihò tirẹ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà àtijọ́. Síríà là ń pè é, nítorí pé ńṣe ni ọ̀rọ̀ ń tò gba inú rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èrò tó tò gba ẹnu ọ̀nà tóóró.

Nígbà tí mo yí kọ̀ǹpútà tuntun àkọ́kọ́ sẹ́yìn láti ki wáyà bọ̀ ọ́, mi ò rí ihò. Mo yí èkejì. Kò sí. Ihò USB pélébé mẹ́rin ni mo rí níbẹ̀, kò sí òmíràn.

Olórí àwọn obìnrin tó ń wọn páálí dúró tì mí. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ kan ni wọ́n, wọ́n sì ti wà nílé iṣẹ́ yẹn láti ìgbà tó jẹ́ pé ìlà iṣẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló ní. Ìyá ni gbogbo wa ń pè wọ́n, títí kan ọ̀gá àgbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bá mi wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà.

"Ó rẹwà o," ni wọ́n wí. "Àmọ́ etí ẹ̀ dà?"

Ọ̀gá àgbà kọ́kọ́ rán awakọ̀ lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Òtìgbà, kó lọ ra okùn tó ní ẹnu síríà lápá kan àti ẹnu USB lápá kejì. Ó ra mẹ́fà wá. Méjì ò ṣiṣẹ́ rárá. Mẹ́rin tó kù ṣiṣẹ́ di ọ̀sán, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mọ́tò ńlá tó ń po ìyẹ̀fun bá ti gbéra, wọ́n á dákẹ́, àfi ká yọ wọ́n ká tún kì wọ́n bọ̀ ọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, Ìyá ti mú jọ́tà kan jáde, wọ́n ń fi bírò kọ ìwọ̀n páálí kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá pè wá jọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kìíní. "Ẹ jẹ́ ká kó àwọn òṣùwọ̀n àtijọ́ yìí dànù," ni wọ́n wí. "Màá kọ̀wé pé kí wọ́n fi tuntun ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ó lè gbà tó oṣù mẹ́ta."

Mo wo Ìyá. Wọ́n ti gbé jọ́tà yẹn sún mọ́ ojú kí wọ́n tó lè rí ìlà tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Oṣù mẹ́ta irú ẹ̀ á ti pọ̀ jù fún wọn. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti là.

"Ẹ má tíì dà wọ́n nù, sà. Mo lè ṣe nǹkan kékeré kan tó máa dúró láàárín òṣùwọ̀n àti kọ̀ǹpútà. Ihò USB la máa kì í bọ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà á gbà pé síríà ni."

Ọ̀gá wò mí. "O ti ṣe irú ẹ̀ rí?"

"Rárá, sà. Mo ti kà nípa ẹ̀."

Àwọn ọkùnrin tí a jọ ń tún ẹ̀rọ ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò lé mi dànù. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni wọ́n wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, màá kọ ìwé mi."

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí Òtìgbà fúnra mi. Láàárín àwọn tó ń ta fóònù àti àwọn tó ń ta ojú kọ̀ǹpútà, ọkùnrin kan wà tó máa ń kó ṣíìpù sínú ike áísìkiriìmù, á sì fi màákà kọ orúkọ wọn sí ìdérí. Mo sọ èyí tí mo fẹ́ fún un: ṣíìpù kan báyìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, ó lè ronú fúnra ẹ̀, ó sì ní USB nínú tẹ́lẹ̀. Ó tú ike mẹ́ta kó tó rí i.

"Sístà, ẹ̀yin lẹ fẹ́ lò ó ni, àbí wọ́n rán yín?"

"Èmi ni."

"Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti wà níbí. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹ̀ rí." Ó dì í sínú bébà fàdákà bí ẹni ń di góòlù. "Tó bá ṣiṣẹ́, ẹ padà wá sọ fún mi."

Ilé àwọn òbí mi ní Agége ni mò ń gbé, ní òpópónà kan lẹ́yìn ojú irin. Orí tábìlì tí a ti ń jẹun ni mo tẹ́ iṣẹ́ mi sí, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àlòkù mi tó ní ihò USB. Olùkọ́ ni ìyá mi ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì máa ń ti wáyà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè rí àyè máàkì ìwé àwọn ọmọ. Bàbá mi máa ń jókòó sí fàràndà, wọ́n á máa ka ìwé ìròyìn àná.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wáyà ìjọba. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, èdè Èkìtì ò sì kúrò lẹ́nu wọn pátá. Dòní olónìí, "ulé" ni wọ́n ń pe ilé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi jókòó sí ìdí ẹ̀rọ tẹ́lẹ́ẹ̀sì, tí ọ̀rọ̀ ń gba inú wáyà wọlé láti Ìbàdàn, láti Kánò, láti Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ̀rọ á sì máa lu ihò sára bébà tóóró. Ìyá mi sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra sọ́nà, bàbá mi lè fi ìka wọ́ ojú bébà olóhò yẹn, kí wọ́n sì ka ohun tó wà níbẹ̀ láìtíì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ́ẹ̀sì ti kú. Fáàsì ló kọ́kọ́ ṣá a lọ́gbẹ́, íńtánẹ́ẹ̀tì sì parí iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn mọ́. Bí àlejò bá béèrè, wọ́n á ní, "Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo ṣe," wọ́n á sì ṣí ojú ewé mìíràn.

Ohun tí mò ń ṣe kò le láti ṣàlàyé, ó kàn le láti ṣe ni. Bí a bá ki ẹ̀rọ èyíkéyìí bọ ihò USB, kọ̀ǹpútà kì í kàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Á kọ́kọ́ bi í léèrè: ta ni ọ́, kí lo mọ̀ ọ́n ṣe, báwo ni ìdáhùn tó o fẹ́ fún mi ṣe gùn tó? Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ dáhùn ní nọ́ńbà, létòlétò. Èmi ni màá kọ ìdáhùn yẹn sínú ṣíìpù. Mo fẹ́ kó sọ pé, "Síríà ni mí," bó tilẹ̀ jẹ́ pé síríà kọ́ ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gbà bẹ́ẹ̀, á ya nọ́ńbà síríà kan sọ́tọ̀ fún un, ètò àtijọ́ tó ń tẹ ìwọ̀n jáde ò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà.

Fún ọjọ́ márùn-ún, ohun kan náà ni kọ̀ǹpútà ń sọ fún mi: òun ò dá ẹ̀rọ yìí mọ̀. Mo yí wáyà padà. Mo pààrọ̀ ẹ̀rọ kírísítà tó ń ka àkókò fún ṣíìpù. Mo tún gbogbo ibi tí mo fi òjé lẹ̀ jó. Síbẹ̀, kò dá a mọ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé, ìyá mi jókòó sí apá kejì tábìlì, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo wo ẹ̀wà yẹn títí, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi díẹ̀. Mo wá ń to ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì, ẹyọ kan fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú ìdáhùn tí mo kọ. Mo ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mo fẹ́ fún un. Mo ka ẹ̀wà náà lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rìndínláàádọ́rin ni.

"Mo ṣèlérí mẹ́tàdínláàádọ́rin, mo wá fún un ní mẹ́rìndínláàádọ́rin," ni mo wí.

"Ta lo ṣèlérí fún?" ni ìyá mi béèrè.

"Kọ̀ǹpútà ni, mà."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Má jẹ́ kí ẹ̀wà mi bọ́ sílẹ̀."

Nọ́ńbà tí mo fò wà ní ààrin gbùngbùn. Mo fi í sí i, mo tún ki ẹ̀rọ mi bọ ihò USB. Kọ̀ǹpútà ronú díẹ̀. Ó wá gbé àpótí kékeré kan jáde ní ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀, ó ní òun ti rí síríà tuntun, nọ́ńbà kẹta. Mo dìde, mo yí tábìlì po, mo jó. Mi ò mọ̀ pé mò ń jó títí ìyá mi fi ń pàtẹ́wọ́ fún mi, tí bàbá mi sì yọjú láti fàràndà.

"Kí ló dé?" ni wọ́n béèrè.

"Ó dá a mọ̀, sà."

Wọ́n mi orí, wọ́n padà sídìí ìwé ìròyìn wọn.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé ẹ̀rọ mi lọ síbi iṣẹ́, nínú ike ìkọ́ṣẹsí, irú èyí tí à ń kó ọṣẹ ìwẹ̀ sí, tí mo rà ní ọjà Agége. Ó tóbi gẹ́lẹ́ bí mo ṣe fẹ́, mo sì lu ihò sí i lápá méjèèjì fún wáyà. Mo ti so wáyà ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kí mọ́tò tó ń po ìyẹ̀fun má baà dà á láàmú. Àwọn obìnrin yí ká. Àwọn ọkùnrin tó rẹ́rìn-ín náà wá, wọ́n dúró lẹ́yìn. Ìyá gbé páálí kan lé òṣùwọ̀n. Ojú òṣùwọ̀n kọ 6.35. Ojú kọ̀ǹpútà kọ 6.35.

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan gbá mi lẹ́yìn. Inú mi dùn débi pé mo ti ń ronú ohun tí màá sọ fún ọ̀gá. Ìyá wá gbé páálí kejì lé e. Ojú òṣùwọ̀n kọ 6.41. Ojú kọ̀ǹpútà kọ mẹ́fà àti àmì pọ́íǹtì, ó wá kọ àmì kan bí àmì ohùn òkè tí kò ní lẹ́tà kankan lábẹ́, ó sì fi àmì ìròpọ̀ tó ní ìlà lábẹ́ tẹ̀ lé e.

A gbé páálí kẹta: ó bàjẹ́. Ẹ̀kẹrin: ó dára. Ẹ̀karùn-ún bàjẹ́ ní ìdajì. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn ní ó jọ pé ẹ̀rọ mi ń sọ èdè Lárúbáwá. Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Ìyá ló dá mi dúró. "Ó gba méjì nínú márùn-ún," ni wọ́n wí. "Ọmọ tó bá gba méjì nínú márùn-ún kì í ṣe olódo. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Èmi á máa kọ ohun tí òṣùwọ̀n sọ sínú jọ́tà mi, ìwọ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa tẹ ohun tó gbọ́. A máa fi wọ́n wéra."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí di ìparí ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, Ìyá fa ewé mẹ́rin ya nínú jọ́tà wọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Nọ́ńbà wọn tóbi, wọ́n tò gbọnrangandan. Mo kó o lé bébà tí kọ̀ǹpútà tẹ̀, mo gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí Agége.

Ní Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì, ti Ìyá lọ́tùn-ún, ti kọ̀ǹpútà lósì. Mo ti jókòó tì wọ́n tó wákàtí kan nígbà tí bàbá mi wọlé wá mu omi. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

"Kí nìyí?"

Mo ṣàlàyé. Mi ò retí nǹkan kan. Wọ́n gbé ife sílẹ̀, wọ́n mú awò ojú wọn jáde nínú àpò, wọ́n sì fa àga sún mọ́ mi. Wọ́n mú pẹ́ńsù. Wọ́n ń sàmì lábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, láti ewé kan sí òmíràn.

"Òdo dára níbi gbogbo," ni wọ́n wí. "Ẹ̀ta dára. Àrún, ẹ̀fà, ẹ̀sán, wọ́n dára níbi gbogbo. Ení, èjì, ẹ̀rin, èje, ẹ̀jọ, àwọn ló ń bàjẹ́, kò sì sí ibi tí wọn ò ti bàjẹ́." Wọ́n yọ awò ojú. "Wáyà tí kò dára kì í yan èyí tó fẹ́ bà jẹ́. Èyí kì í ṣe àìsàn. Báwo ni òṣùwọ̀n yín ṣe ń kọ ẹ̀fà?"

"Ní ìlà àti òdo, sà. Ìlà fún bẹ́ẹ̀ ni, òdo fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Méje ni fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan."

"Kọ ọ́ fún mi. Kọ gbogbo wọn."

Mo kọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí ẹ̀yìn ìwé ìròyìn. Bàbá mi ń fi pẹ́ńsù ka ìlà inú wọn. Nọ́ńbà òdo fúnra ẹ̀ ní ìlà méjì. Ẹ̀ta, àrún, ẹ̀fà àti ẹ̀sán ní ìlà mẹ́rin-mẹ́rin. Gbogbo wọn ló ṣeé so ní méjì-méjì láìku ìkankan. Ení ní mẹ́ta. Èjì mẹ́ta. Ẹ̀rin mẹ́ta, ẹ̀jọ mẹ́ta, èje márùn-ún. Nínú àwọn wọ̀nyí, ìlà kan á ṣẹ́ kù tí kò ní ẹnì kejì.

Bàbá mi rọra gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Mo rí i tí ojú wọn yí padà.

"Wọ́n fi ọlọ́pàá sí i," ni wọ́n wí.

"Ọlọ́pàá báwo, sà?"

"Ní ọdún tí mo lò gbẹ̀yìn, wọ́n kó ẹ̀rọ tuntun fún wa. Bí òjò bá rọ̀ sí wáyà ojú ọ̀nà Ìbàdàn, ìlà kan lè sọnù nínú ọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ẹ̀rọ tuntun yẹn máa ń ka ìlà kó tó ránṣẹ́. Bí ìlà kan bá ṣẹ́ kù tí kò ní ẹnì kejì, á fi ìlà kan kún un ní ìparí, kó lè pé méjì-méjì. Bó bá ti pé tẹ́lẹ̀, kò ní fi nǹkan kan sí i. Ẹni tó bá gbà á á tún un kà: bí kò bá pé, ó mọ̀ pé nǹkan ti sọnù lọ́nà. Òṣùwọ̀n yín ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tìẹ ò mọ̀, ó ń ka ọlọ́pàá mọ́ ara àwọn èrò."

Mo wo bébà yẹn. Gbogbo nọ́ńbà tó bàjẹ́ ni òṣùwọ̀n ti fi ìlà kan kún. Gbogbo èyí tó dára ni kò fi nǹkan sí. Kò sí èyí tó yẹ̀.

Mo ní màá kàn kọ ọ́ sínú ṣíìpù mi pé kó máa retí ìlà ọlọ́pàá. Bàbá mi mi orí.

"Tí wọ́n bá gbé òṣùwọ̀n mìíràn wá lọ́dún tó ń bọ̀, tí kò ní ọlọ́pàá ńkọ́? Láyé tiwa, ẹni tó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ máa ń bá ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ ṣàdéhùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń bá tìẹ ṣàdéhùn?"

Ibẹ̀ ni mo ti di orí mú. Kọ̀ǹpútà ń ṣàdéhùn. Lójoojúmọ́, bí ètò àtijọ́ yẹn bá ti jí, ó máa ń rán nọ́ńbà méje sí ẹ̀rọ mi: báyìí ni kó o ṣe yára tó, báyìí ni ìlà ṣe máa pọ̀ tó, báyìí ni ti ọlọ́pàá. Èmi ni mo kọ ìdáhùn tí ẹ̀rọ mi ń fún un. Ó ń sọ pé òun ti gbọ́, kò sì ń ṣe nǹkan kan sí i.

Mo sọ èyí fún bàbá mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú.

"Bó o ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ìyá ẹ bá rán ẹ níṣẹ́," ni wọ́n wí.

"Mo gbọ́ o," ni ìyá mi wí láti ilé ìdáná.

Ní ọ̀sán yẹn, mo kọ apá tó kù. Bàbá mi ò padà sí fàràndà. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń béèrè ìdí ohun gbogbo, wọ́n sì ń sọ bí tiwọn ṣe rí láyé ọjọ́un. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Mo rò pé ẹnikẹ́ni ò ní bi mí nírú ìbéèrè yìí mọ́ láyé." Mo ní kí wọ́n bá mi lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé.

Wọ́n de táì. Wọ́n wọ bàtà dúdú tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ẹnu géètì, wọ́n fa imú, wọ́n ní, "Ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ rèé," mo sì rí i pé inú wọn ti ń dùn. Mo mú wọn lọ sí ìlà kìíní, mo fi wọ́n han Ìyá. Àwọn méjèèjì kí ara wọn gan-an, wọ́n béèrè ilé, ọmọ, ìlú, gbogbo ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wo òṣùwọ̀n.

Ìyá rọra gbé páálí kan lé òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n kọ 7.12. Mo di ẹ̀mí mú, torí kò sí ẹyọ kan nínú àwọn nọ́ńbà yẹn tó ti jáde dáadáa rí. Kọ̀ǹpútà kọ 7.12. Bébà pélébé jáde. Ìyá gbé òmíràn lé e, 6.48, ó jáde. Wọ́n gbé òmíràn. Mọ́tò tó ń po ìyẹ̀fun wá gbéra, ilẹ̀ mì tìtì, gbogbo wa sì yíjú sí ike ìkọ́ṣẹsí yẹn. Kọ̀ǹpútà kọ 7.84. Ìyá pa jọ́tà wọn dé, wọ́n fi bírò há ojú ewé, wọ́n sì fi í sínú àpò.

"Ojú mi dúpẹ́," ni wọ́n wí.

Ọ̀gá àgbà wá. Wọ́n wò ó fún bí ogún páálí. Mo sọ fún wọn pé bàbá mi ló rí àṣìṣe náà, wọ́n wá bọ bàbá mi lọ́wọ́. "Sà, ìwé wo lẹ kà?"

"Wáyà ni mo kọ́ṣẹ́ ẹ̀," ni bàbá mi fèsì. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti gbọ́ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò gbẹ̀yìn.

Ọ̀gá ní ká ṣe márùn-ún tó kù. Wọ́n fi páálí bísíkíìtì fífọ́ kan, irú èyí tí kò ṣeé tà, dá bàbá mi lọ́lá, bàbá mi sì ń jẹ ẹ́ láti Ìkẹjà dé Agége láìbìkítà pé táì wà lọ́rùn wọn.

Fún Sátidé mẹ́rin, fàràndà wa di ilé iṣẹ́. Ọwọ́ bàbá mi ò gbọ̀n rárá. Wọ́n ń fi òjé lẹ nǹkan tín-ín-rín tí èmi gan-an ń sá fún, wọ́n sì máa ń rọra kọ orin ìjọ sẹ́nu bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo padà sí Òtìgbà lọ ra ṣíìpù mẹ́fà, kí ọ̀kan lè wà ní àfikún. Oníṣòwò yẹn pe aládùúgbò rẹ̀ méjì wá gbọ́ bó ṣe ṣiṣẹ́, ó sì kọ orúkọ ṣíìpù náà gàdàgbà sára pátákó tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ló yan àwọ̀ ike ìkọ́ṣẹsí fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní búlúù ò gbọdọ̀ sí nínú ẹ̀, wọn ò sọ ìdí, a ò sì béèrè.

Nígbà tí ẹ̀kẹfà ti wà nídìí ẹ̀, bàbá mi ní kí n sin àwọn lọ sí ìpàdé kan ní Abúlé Ẹ̀gbá. Àwọn òṣìṣẹ́ wáyà tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń ṣe é ní oṣooṣù, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan, ó sì ti pẹ́ tí bàbá mi ti lọ gbẹ̀yìn. A bá bí àgbàlagbà méjìlá níbẹ̀. Wọ́n dìde kí bàbá mi, àwọn kan dì mọ́ wọn. Ẹnì kan wò mí, ó ní, "Ọmọ yín rèé?"

"Ọmọ mi ni," ni bàbá mi dáhùn. "A sì jọ ń ṣiṣẹ́ ni."

Wọ́n mú ike ìkọ́ṣẹsí kan tí a ṣe kù jáde nínú àpò, wọ́n fi lé àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ́wọ́, ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹnì kan gbọ̀n ọ́n létí. Ẹnì kan béèrè bóyá ó yára tó ẹ̀rọ tí òun lò ní Kánò. Bàbá mi ní ó yára jù ú lọ fíìfíì. Ọkùnrin yẹn ní irọ́ ni, kò sí ohun tó yára tó ẹ̀rọ Kánò, àti pé bàbá mi gan-an mọ̀ pé ọwọ́ òun yá ju ọwọ́ wọn lọ nígbà yẹn. Ìjà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìjà aládùn, tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń fi ìka lu tábìlì láti fi hàn bí àwọn ṣe ń ṣe é. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran wá fún mi. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàbá mi, mo jẹun, mo sì ń gbọ́ wọn.